Ìwé Tó Wà Lábẹ́ Orí Ìyá Mi

Nínú pósí? Àǹtí Roseline, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí etí mi lè gbà á. Ẹ ní ìwé mi, ìwé tí dókítà òyìnbó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, ìwé tí ìyá mi fi aṣọ funfun wé sí ìsàlẹ̀ àpótí fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ ní inú pósí lẹ fi sí? Lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀? Lábẹ́ orí ìyá mi? Háà! Ẹni tó ń lọ sọ́run, kí ni ó fẹ́ fi ìwé ilé ìwòsàn ṣe níbẹ̀? Ṣé ìyá mi ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni, àbí èmi?

Rárá, ẹ má dìde. Ẹ má lọ bu omi wá fún mi, mi ò mu omi. Omi tí mo bá mu, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ń gbà jáde lára mi, àbí ẹ ti gbàgbé ìyẹn náà? Ẹ jókòó. Èmi náà ti jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi jókòó, nítorí ohun tó yọ síta lára mi kò jẹ́ kí n fi gbogbo ìdí lélẹ̀ bí ènìyàn. Ẹ̀yin ni àbúrò ìyá mi, ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè wò lójú kí n pè ní ìyá, ìdí nìyẹn tí mo ṣì fi ń sọ "ẹ" fún yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ tó kún ẹnu mi lónìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ fún àgbà.

Ṣé ẹ mọ ibi tí mo ti ń bọ̀? Ẹ rò pé ara mi ti yá ni ẹ fi ń kí mi kú ewu bí mo ṣe wọlé? Ewu wo? Wọn ò ṣe nǹkan kan! Lọ́jọ́ Túsìdeè wọ́n gbé mi sórí tábìlì, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ kú pátápátá, ṣùgbọ́n ojú mi là kedere, etí mi ń gbọ́. Wọ́n ta aṣọ sí ọ̀kánkán àyà mi kí n má bàa rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Nọ́ọ̀sì Safiyat, ọmọ Ọ̀fà níbí, ló fẹ́ ti rọ́bà ìtọ̀ bọ̀ mí kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà ti ṣe é fún obìnrin tí kò lóǹkà. Ó wá a. Ó tún wá a. Mo gbọ́ tó ní, "Dókítà, mi ò rí ojú rẹ̀." Dókítà Abdulganiyu ní kó fa iná sún mọ́ ọn. Ó ní, "Kò sí, sà. Kò sí níbẹ̀ rárá."

Dókítà wá yọ orí sí mi lókè aṣọ náà. Ó bọ́ ohun tó fi bo ẹnu. Ó ní, "Ìyá Bíọ́lá, ibo lẹ ń gbà tọ̀?"

Ó béèrè bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà ọjà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti wà láyé, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè náà rí, nítorí ẹ̀yin àti ìyá mi ti rí i dájú pé ẹnikẹ́ni kò ní bi mí. Mo dá a lóhùn. Mo ní, "Ibi tí mo ń gbà yàgbẹ́ náà ni mo ń gbà tọ̀." Mo ní, "Nígbà tí wọ́n bí mi, àpò ìtọ̀ mi wà níta, lójú ikùn, ó ṣí sílẹ̀ bí ẹnu. Dókítà òyìnbó kan ló gbé ọ̀nà ìtọ̀ mi gba inú ìfun, tó rán ikùn mi pọ̀." Mo sọ ọ́ lójú ènìyàn mẹ́fà, mo fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà lókè tí mi ò lè gbé wọn sọ̀kalẹ̀. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú báàkẹ́tì. Ó ní, "Ta wá ló ní ògì ni?"

Ta ló ní ògì ni, Àǹtí Roseline?

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nínú yàrá dókítà, àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: dókítà, èmi, ẹ̀yin, àti ìyá ọkọ mi tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó gbé báàgì mi lé itan. Dókítà wo ikùn mi, ó wo àpá tó gùn láti ibí dé ibí, ó ní, "Kí ló ṣe yín?" Kí n tó mí, ẹ ti dáhùn. Ẹ ní ògì gbígbóná ló dà sí mi lára nígbà tí mò ń rá. Ó ní, "Ìdodo wọn ńkọ́?" Ẹ ní ògì náà ló jó o lọ. Ó tún un béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú pé wọn kò la ikùn yìí rí?" Mo la ẹnu, Ọlọ́run gbọ́, mo la ẹnu, ẹ fi bàtà tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, ẹ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ ní, "Dókítà, nọ́ọ̀sì lèmi náà, lójú mi ni wọ́n ṣe tọ́ ọmọ yìí dàgbà." Ta ni yóò já irú yín ní koro? Dókítà ọ̀hún kò tí ì ju ọmọ yín àbígbẹ̀yìn lọ. Ó mú bíírò rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀: ògì.

Kí lẹ wí? Ẹ ní ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀? Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀! Ẹ ní a kì í tú aṣọ ọmọ ẹni lójú àna? Aṣọ wo ló tún kù lára mi, Àǹtí, nígbà tí ilé-ọmọ mi fúnra rẹ̀ ti jáde wá wo ọjà? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà lọ́jà, Àǹtí mi. Ọwọ́ yín gan-an lẹ fi tẹ orí rẹ̀ wọ́.

Mo gbà, èmi náà jẹ̀bi. Mo lè sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń kọ́ ogójì ọmọ ní kíláàsì kẹrin ní ìṣirò, ó jókòó, àgbà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó pa ẹnu dé bí ọmọ ìkókó. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ mi? Láti ìgbà tí mo ti lè rántí nǹkan ni ẹ ti ń kọ́ mi bí àdúrà alẹ́: "Bí wọ́n bá béèrè, kí lo máa sọ?" Mo ní, "Ògì ni, mà." "Bí o bá fẹ́ tọ̀ ńkọ́?" "Inú ló ń run mí, mà." Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́, "Abọ́sẹ̀dé Oníṣálángá" ni àwọn ọmọbìnrin ń pè mí. Wọ́n á ní, "Ẹ yàgò lọ́nà, Ìyálóde Ṣálángá ń bọ̀!" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé bí mo ṣe ń bá wọn rẹ́rìn-ín yẹn ni ìwà ọmọlúàbí.

Ẹ wò ó, mi ò bá yín jà lórí ìgbà èwe mi. Mo mọ ohun tí ẹ ṣe. Ìyá mi máa ń sọ ọ́ fún mi, pé kò sí ẹni tó ń gbé mi mọ́ra nínú ilé yẹn àfi òun àti ẹ̀yin, nítorí òórùn. Ó ní aṣọ tó rọ̀ jùlọ lára aṣọ ìgbéyàwó òun lòun ń ya fi bo àpò ìtọ̀ náà, kí eṣinṣin má bàa bà lé e. Ó ní ẹ̀yin lẹ wá sọ pé níbi tí ẹ ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òyìnbó kan wà tó lè tún irú rẹ̀ ṣe, ẹ̀yin lẹ bá wọn sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ wọ ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú wa láti ibùdókọ̀ Ọ̀fà yìí. Ẹ wẹ ojú ọgbẹ́ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo mọ̀. Mo ń dúpẹ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó gbà mí nínú omi ló wá ní àṣẹ láti tì mí padà sínú rẹ̀?

Nítorí ohun tí mo wá bá yín sọ kò tí ì jáde lẹ́nu mi. Kékeré ni ti ògì.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ló gbẹ̀bí Bíọ́lá?

Ẹ dá mi lóhùn. Ta ló gbẹ̀bí ọmọ mi lọ́dún 1986? Ẹ̀yin ni. Nínú ilé ìgbẹ̀bí tí ẹ̀yin jẹ́ ọ̀gá fún. Ẹ ti gbogbo nọ́ọ̀sì síta, ẹ ní àwa méjì péré la máa wà níbẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa rí mi. Mo rọbí fún ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Ẹ ń sọ pé, "Ti, ọmọ mi, ti! Obìnrin ni ẹ́!" Mo ti. Mo ti títí ojú mi fi pupa bí epo. Ọmọ jáde, a dúpẹ́, ohùn rẹ̀ dún títí dé òpópó. Ọjọ́ kejìlélógún lẹ́yìn ìyẹn ni mo lóṣòó láti fọ ìtẹ́lẹ̀dí ọmọ, tí mo rí i pé nǹkan kan bọ́ sí mi láàárín itan bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bó. Mo sáré tọ̀ yín wá. Ẹ ní kì í ṣe nǹkan, ẹ ní ó ń ṣe ọ̀pọ̀ obìnrin, ẹ ní kí n máa fa abẹ́ mọ́ra, kí n má ru ẹrù. Ọ̀pọ̀ obìnrin wo? Àwọn ìyá tó bí mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, tí wọ́n ti di arúgbó! Ọmọ kan ṣoṣo lèmi bí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà.

Láàárọ̀ yìí kí wọ́n tó dá mi sílẹ̀, Dókítà Abdulganiyu jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó fa bébà kan yọ, ó yà á fún mi. Ó ní ẹni tí wọ́n bí bí wọ́n ṣe bí mi, eegun iwájú ìdí rẹ̀ kì í pàdé. Ó ní bí agbọ̀n tí ẹni tó ń hun ún kò hun ìdí rẹ̀ parí ni. Ohun tó yẹ kó gbé ilé-ọmọ dúró kò pé níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí òrùka rọ́bà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí mi lábẹ́ láti fi di ilé-ọmọ mú kò fi lè dúró. Ṣé mo sọ ti òrùka náà fún yín? Mò ń kọ ìyọkúrò sí ojú pátákó ni mo gbọ́ tó bọ́ lulẹ̀, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga. Ọmọbìnrin kan he é. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá fún mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Tísà, ìdérí ìgò yín jábọ́." Mo gbà á. Mo ní, "O ṣeun, ọmọ dáadáa." Mo jù ú sínú báàgì, mo padà sí ojú pátákó, mo ní, "Ta ló máa sọ fún mi, bí a bá yọ méje kúrò nínú mẹ́tàlá?" Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n dákú?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo rí yín. Èmi nìkan ló lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Ohun tí dókítà sọ tẹ̀ lé e ni mo fi wá. Ó ní, "Irú ara yìí kò gbọ́dọ̀ ti ọmọ jáde láti ìsàlẹ̀. Ikùn ló yẹ kí wọ́n là gbé ọmọ yìí jáde. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò lè ṣàì kọ ọ́ sínú ìwé." Àǹtí Roseline! Ojú bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo ti rántí. Mo rántí ìyá mi nígbà tí oyún Bíọ́lá pé oṣù méje, tó ń rìn ká inú pálọ̀ yìí, tó ń sọ pé, "Roseline, ṣebí ìwọ náà ka ìwé òyìnbó yẹn, ṣebí ó ní bí ó bá lóyún..." Ẹ ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ẹ ní òyìnbó kò mọ ìdí obìnrin wa. Ẹ ní bí ẹ bá gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá fún iṣẹ́ abẹ, gbogbo Ọ̀fà ni yóò mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ní ẹ ti gbẹ̀bí tó lé ní ẹgbẹ̀rún.

Nítorí náà, ẹ wò mí lójú. Nígbà tí ìyá mi kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí ẹ sọ pé kí gbogbo wa jáde kúrò nínú yàrá kí ẹ lè tún òkú ṣe, tí ẹ ṣí àpótí rẹ̀, tí ẹ fa ìwé yẹn jáde láti inú aṣọ funfun, àṣírí ta lẹ sin? Ṣé tèmi ni, àbí tiyín?

Gèlè lẹ ń tún wé? Ó dára. Ẹ wé e.

Ó dùn mí nítorí pé ìyá mi ni. Bí ẹ bá sun ún, bí ẹ bá ya á, bí ẹ bá jù ú sínú odò, ìbínú nìkan ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ṣe ìrọ̀rí fún ẹni tí kò sun oorun kan tó péye nítorí mi. Ẹni tó jẹ́ pé títí ó fi kú, bí mo bá ti wọlé, ó máa kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi wò bóyá ibà wà níbẹ̀, nítorí òyìnbó ní kó máa ṣọ́ kíndìnrín mi. Olùkọ́ ni mí, mo ti lọ́mọ, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Kò sí ẹni tó ń kàn mí lọ́rùn mọ́, Àǹtí. Nígbà tí mo wà lórí tábìlì yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wá. Ìwé yẹn sì ni ìyókù ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wá gbé e tì í, ẹ kan ìṣó mọ́ ọn, ẹ kọ orin lé e lórí.

Ṣé mo lè lọ bá àlùfáà ìjọ kí n ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wú ìyá mi, mo gbàgbé nǹkan sọ́dọ̀ rẹ̀"?

Kí lẹ ní? Ẹ ní ìsàlẹ̀ lẹ rò pé dókítà máa gbà ṣe iṣẹ́ náà, pé kò ní débi àpá? Ta ló sọ fún yín? Ṣé ẹ béèrè? Ó ní nítorí pé mo ṣì kéré, pé mo tún lè fẹ́ bímọ, òun kò fẹ́ yọ ilé-ọmọ náà. Òun fẹ́ là mí níkùn, kí òun fi okùn kan gbé e kọ́ sí eegun ìdí, níbi tí ẹ̀yìn ti tẹ̀ wọnú. Ẹ sì mọ ohun tó tún wà nítòsí ibẹ̀, àbí ẹ ò mọ̀? Ó ní àgbègbè yẹn gan-an ló ṣeé ṣe kí òyìnbó àtijọ́ ti so ọ̀nà ìtọ̀ mi mọ́ ìfun. Ó ní bí òun bá gún un lábẹ́rẹ́ láìmọ̀, ìtọ̀ á máa dà sí mi nínú, a ò ní mọ̀ títí ibà á fi dé, títí kíndìnrín á fi kú. Ó ní, "Ìyá Bíọ́lá, bí kì í bá ṣe Nọ́ọ̀sì Safiyat tó ń wá ojú ìtọ̀, ǹ bá ti pa yín láàárọ̀ Túsìdeè yẹn, ǹ bá sì lọ jẹun ọ̀sán." Ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ fẹ́ fi ògì sọ ọ́ di apànìyàn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Káyọ̀dé ọkọ mi wá wò mí lọ́sàn-án Wẹ́sìdeè, ó bọ́ aṣọ réluwé sílẹ̀ ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì wá. Mo ní kí n kúkú pa ara mi lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo di ojú, mò ń dúró kó dìde kó lọ. Kò lọ. Ó wá ní, "Abọ́sẹ̀, ta ni ògì ń jó tí ìdodo rẹ̀ fi ń sọnù?" Àǹtí mi! Ó ti mọ̀! Láti ọdún tí a ṣe ìgbéyàwó ló ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní òun kò mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé abẹ ló kọjá níbẹ̀, òun sì mọ̀ pé òun kò rí mi kí n tọ̀ rí bí obìnrin yòókù. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò béèrè?" Ó ní òun bi ìyá òun.

Ìyá ọkọ mi ńkọ́? Ta ló wẹ̀ mí fún ogójì ọjọ́ nígbà tí mo bí Bíọ́lá? Ta ló ń fi omi gbígbóná àti aṣọ jó mi níkùn láàárọ̀ lálẹ́? Ó ní ọjọ́ kìíní lòun ti rí i. Ó ní, "Ẹni tó ti wẹ abiyamọ mẹ́rìnlá, ṣé kò ní mọ ojú abẹ yàtọ̀ sí ojú iná?" Ó wá kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Bí àwọn ẹbí rẹ̀ bá ní ògì ni, ògì náà ni. A kì í pe àna ẹni ní onírọ́." Ṣé ẹ gbọ́? Nígbà tí ẹ jókòó síwájú dókítà, tí ẹ ń bò mí mọ́ ìyá ọkọ mi lójú, ìyá ọkọ mi náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń bo ẹ̀yin! Àgbà méjì! Ẹ ń pọ́n ara yín lé, èmi wà láàárín, mò ń kú lọ. Odindi ọdún márùn-ún! Nínú gbogbo wa, ẹni kan ṣoṣo tí irọ́ yín rí tàn jẹ ni dókítà. Ẹni kan ṣoṣo tó yẹ kó gbọ́ òtítọ́!

Ẹ má sunkún. Mo ní ẹ má sunkún! Bí ẹ bá sunkún, èmi náà á sunkún, èmi kò sì wá síbí láti sunkún. Mo ti gbé ilé-ọmọ mi mọ́ abẹ́ pẹ̀lú aṣọ láti ilé ìwòsàn dé ibí, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ọkọ̀, kòtò ọ̀nà ò jẹ́ kí n gbádùn. Ohun tí mo wá fún wà.

Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn tó tóbi ju tiwa lọ. Lọ́jọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀, dókítà àwọn obìnrin àti dókítà ọ̀nà ìtọ̀ ni wọ́n máa jọ rí mi. Wọ́n máa ya fọ́tò inú mi, wọ́n máa yẹ kíndìnrín mi wò, ṣùgbọ́n Dókítà Abdulganiyu ní fọ́tò kì í sọ ohun gbogbo. Ṣé wọ́n gé àpò ìtọ̀ àtijọ́ kúrò ni, àbí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé, tí wọ́n rán ikùn bò ó? Ọ̀nà ìtọ̀ méjèèjì tó ti inú kíndìnrín wá ńkọ́, ẹ̀gbẹ́ wo ni wọ́n gbà? Ó ní, "Ẹ wá ìwé náà. Bí ẹ ò bá rí ìwé, ẹ wá ẹni tó wà níbẹ̀." Mo bi í léèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣì wà láyé. Òyìnbó ti lọ. Ìyá mi ti lọ. Ó wá ku ẹni kan tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì náà nígbà tí òyìnbó ń ya àwòrán, tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi ní Yorùbá.

Ẹ̀yin ni ìwé mi báyìí, Àǹtí Roseline. Kò sí òmíràn. Ẹ ò lè wọ pósí.

Ìwé Bíọ́lá kan wà nínú báàgì mi níbí. Bíírò rèé. Ẹ yà á. Nísinsìnyí. Ẹ gbé awòjú yín sójú. Kí lèyí? Kíndìnrín. Ó dára. Ti ọ̀tún... ó gba ibí... ó sọ̀dá? Ó sọ̀dá sí òsì? Ẹ dúró, ẹ má sáré. Méjèèjì ló wá pàdé ìfun níbí? Lókè eegun ni àbí lórí rẹ̀ gan-an? Ẹ ronú o, ẹ̀mí mi ni. Òsì, lókè eegun, bí ìwọ̀n ìka méjì. Ṣé ó dá yín lójú? Ẹ ní ẹ rí i? Ẹ ní ẹ̀yin lẹ di àtùpà mú nígbà tí iná lọ? Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi rí! Àpò àtijọ́ ńkọ́? Wọ́n gé e kúrò. Gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ kọ "gbogbo rẹ̀". Ohun tó sọ nípa oyún ńkọ́? Ẹ kọ ìyẹn náà. Rárá, kì í ṣe kékeré bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Ẹ wá fọwọ́ sí i. Orúkọ yín tó pé.

Ṣé ẹ rí i? Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìwé nìkan ló máa lọ. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ láàárọ̀ Túsìdeè, èmi, ẹ̀yin, Káyọ̀dé, ìyá ọkọ mi, àwa mẹ́rin. Ẹ máa jókòó síwájú àwọn dókítà yẹn, ìyá ọkọ mi máa wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹ sì máa fi ẹnu tí ẹ fi pè é ní ògì sọ pé kì í ṣe ògì. Ẹ máa sọ ti Bíọ́lá náà, bí ẹ ṣe gbẹ̀bí rẹ̀ àti ohun tí ẹ ti kà kí ẹ tó gbẹ̀bí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, mo fi Ọlọ́run tó gba ẹ̀mí mi lórí tábìlì yẹn búra, mo máa ké. Bí ẹ kò bá wá, ẹ má pè mí lọ́mọ mọ́, ẹ má sì wá síbi ìsìnkú mi, nítorí ẹ̀yin tún lè rí nǹkan fi sábẹ́ orí mi.

Ẹ máa wá? Ẹ tún un sọ sókè. Ẹ máa wá.

Ó dára.

Ẹ wo bí ìyá mi ì bá ti dúró sí ẹnu ọ̀nà yẹn báyìí, kó máa fi ọwọ́ kan ọrùn mi, kó máa sọ fún yín pé ẹ ò fún ọmọ lóúnjẹ. Òótọ́ ni. Mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àná. Kí ló wà nínú ilé? Kí lẹ ní? Kí ló wà lórí iná?

Háà! Háà, Àǹtí Roseline! Ẹ gbà mí, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ilé-ọmọ mi á bọ́ lulẹ̀! Nínú gbogbo oúnjẹ tó wà ní Ọ̀fà! Ó dára, ẹ lọ gbé e wá, ẹ fi ṣúgà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rọra o. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ẹ má dà á sí mi lára.